Bí ẹ ṣe lè ẹ́díìtì fíìmù kúkúrú tẹ́ ẹ yà fún iṣẹ́ kíláàsì, kí ọjọ́ ìfisílẹ̀ má bàa ká yín mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà

Fíìmù oníṣẹ́jú márùn-ún ni olùkọ́ ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ sì ti yà á tán. Fídíò wákàtí kan àtààbọ̀ wà lórí káàdì, ohùn wà lọ́tọ̀ nínú ẹ̀rọ mìíràn, ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Lójú yín, iṣẹ́ ti bùṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń rì. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìfisílẹ̀, ẹ ó rí wọn: ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ń dán gbinrin, ó ní orin, ó ní àwọ̀, àkọlé ń fò wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kù ò tíì létò, ọ̀rọ̀ ò sì bá ètè mu.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ ohun èlò lò. Wọ́n ń kun ilé lọ́dà kí wọ́n tó kan òrùlé ni. Èmi náà ṣe é rí. Fíìmù àkọ́kọ́ tí mo gé, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún àwọ̀ ìran kan ṣe. Nígbà tá a wá jókòó wo fíìmù náà látòkè délẹ̀, gbogbo wa la fẹnu kò pé kí ìran yẹn kúrò.

Nítorí náà, ètò tí màá tẹ̀ lé níbí ò ní í yí: ìtàn ló ń ṣáájú, ohùn á tẹ̀ lé e, àwọ̀ àti ọ̀ṣọ́ á gbẹ̀yìn. Ìran kan ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó rí lẹ́tà lórí tábìlì, ó mú un, ó fẹ́ kà á. Àbúrò rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á."

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ ò dín ní 8 GB; 16 GB ló fọkàn balẹ̀. Fóònù náà ń gé fíìmù, àmọ́ tí ohùn bá wà lọ́tọ̀, tí ìran sì lé ní mẹ́ta, ojú fóònù á há mọ́ yín.
- Ibi ìkópamọ́ méjì tí kì í ṣe ara wọn. Fídíò tó ń lo 50 Mbps (ìwọ̀n dátà tó ń gbà ní àáyá kan) máa ń gba bíi 375 MB ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bíi 22 GB ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò tiyín, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.
- Ohun èlò ẹ́díìtì kan. DaVinci Resolve ní ẹ̀yà ọ̀fẹ́ tó kájú iṣẹ́ yìí dáadáa. Ọ̀fẹ́ ni Kdenlive àti Shotcut, wọn kì í sì í ni kọ̀ǹpútà lára tó Resolve. Tí Premiere Pro bá wà lórí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́, ẹ lò ó. Èyí tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín ti mọ̀ lò ló dáa jù, torí ọ̀sẹ̀ ìfisílẹ̀ kọ́ là ń kọ́ ohun èlò tuntun.
- Headphone tó bo etí. Spíkà kọ̀ǹpútà ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ fáànù tó ń kùn lábẹ́ ọ̀rọ̀.
- Ìwé eré, àti gbogbo àkọsílẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe níbi tẹ́ ẹ ti ń yàwòrán.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó fídíò kúrò lórí káàdì, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́

Ẹ ṣí fódà kan tó ń jẹ́ orúkọ fíìmù náà. Nínú rẹ̀, ẹ ṣí márùn-ún mìíràn: 01_Fidio, 02_Ohun, 03_Orin, 04_Project, 05_Export. Ẹ má fi àmì ohùn tàbí àlàfo sínú orúkọ wọn. Àwọn ohun èlò kan máa ń ṣi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kà, wọ́n á ní àwọn ò rí fáìlì.

Gbogbo ohun tó wà lórí káàdì ni kẹ́ ẹ dà sínú 01_Fidio, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má ṣa èyí tó wù yín nínú rẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan máa ń pín fídíò gígùn sí fáìlì méjì mẹ́ta, wọ́n á tún fi àwọn fáìlì tíntìntín tì í. Ẹni tó bá yà wọ́n nípa lè má rí fídíò náà ṣí mọ́. Tẹ́ ẹ bá dà á tán, ẹ da odindi fódà náà sórí hard drive kejì, kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ gbé ìyẹn lọ. Hard drive méjì tó wà nínú báàgì kan náà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n á sọnù.

Ẹ ṣọ́ra fún fídíò tó gba WhatsApp wá. WhatsApp ti fún un pọ̀ kó tó dé ọwọ́ yín, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè dá ohun tó ti sọnù nínú rẹ̀ padà. Kí ẹni tó yà á fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kó fi wáyà gbé e wá.

Kẹ́ ẹ tó nu káàdì: ẹ fi iye fáìlì àti ìwọ̀n fódà wé ti orí káàdì, wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ ṣí fídíò àkọ́kọ́, èyí tó kẹ́yìn àti èyí tó gùn jù, kẹ́ ẹ fo lọ sí òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ṣí dópin lórí drive méjèèjì, káàdì ti di tiyín láti nù.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí orúkọ fáìlì padà tàbí gbé e kúrò níbi tó wà. Ohun èlò ẹ́díìtì kì í gbé fídíò sínú ara rẹ̀, ó kàn ń rántí ibi tó wà ni. Ẹ gbé e kúrò, gbogbo ojú timeline (ibi tẹ́ ẹ ti ń to fídíò àti ohùn lera wọn nínú ohun èlò náà) á pọ́n yòò, á ní "offline".

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí project àti fídíò sọ èdè kan náà

Ẹ tẹ fídíò kan, ẹ wo iye fíréèmù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan) tó ní ní àáyá kan, ìyẹn frame rate rẹ̀: 24, 25 tàbí 30 ló sábà máa ń jẹ́. Iye yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣètò project (fáìlì iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣí nínú ohun èlò ẹ́díìtì), kẹ́ ẹ tó gbé fídíò kankan wọlé. Nínú Resolve, tí fídíò bá ti wọlé tẹ́ ẹ sì ti ní timeline, frame rate project náà ò ṣeé yí mọ́. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ohùn ní tirẹ̀, 48 kHz ni kẹ́ ẹ fi sí.

Èyí tó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú jù níbí ni fídíò fóònù. Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí iye kan. Ó lè ya fíréèmù 30 ní àáyá yìí, kó ya 28 ní àáyá tó tẹ̀ lé e, pàápàá níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ tó. Nínú fóònù, gbogbo rẹ̀ á máa lọ geere. Tó bá wọ timeline, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ètè díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ẹ̀yin lẹ so ohùn náà wọ́. Ohun èlò kan tó ń jẹ́ HandBrake ló ń wò ó sàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ gbé fídíò fóònù sínú rẹ̀, ẹ mú frame rate tó bá project yín mu, ẹ yan "Constant Framerate", ẹ fa quality sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ fi èyí tó bá jáde ṣiṣẹ́. Ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Tí fídíò bá ń ta kókó bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó, kì í ṣe kọ̀ǹpútà tuntun lẹ nílò. Ẹ ní kí ohun èlò yín ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fífúyẹ́ tẹ́ ẹ ó máa fi gé fíìmù. Tó bá di ìgbà export, ìyẹn kíkó fíìmù tó ti parí jáde, fídíò gidi ni ohun èlò náà á padà lò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé fídíò tó gùn jù sórí timeline, ẹ lọ sí ìdajì ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ẹ fi ohùn kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wò ó. Tí ètè àti ọ̀rọ̀ bá ṣì jọ ń rìn níbẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo gbogbo rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó gé ẹyọ kan

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìgbésẹ̀ yìí. Fídíò wákàtí kan àtààbọ̀ máa gbà tó wákàtí mẹ́ta, torí ẹ ó máa dúró kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹni tó bá fò ó máa fi wákàtí mẹ́wàá wá take (ìgbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ ya ohun kan náà) tó dáa kiri lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ kọ nọ́ńbà fídíò, kẹ́ ẹ kọ ohun tó dáa níbẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó bà á jẹ́. "Take 4, ojú ẹ̀gbọ́n dáa láti 0:22, máìkì yọjú ní 0:31." Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wúlò, "take 4 dáa" lásán ò lè ràn yín lọ́wọ́ tó bá di ọjọ́ kẹta. Take tí òṣèré ṣì ọ̀rọ̀ níbẹ̀ náà lè ní ìwò ojú kan tẹ́ ẹ máa nílò. Ẹ má jù ú nù.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó darí fíìmù náà: ẹ gbàgbé ohun tójú yín rí lọ́jọ́ ìyàwòrán. Shot (àwòrán kan tí kámẹ́rà yà láìdúró) tẹ́ ẹ tún yà nígbà mẹ́rìnlá nínú oòrùn, òǹwòran ò mọ̀ pé ẹ làágùn lórí rẹ̀. Tí kò bá dáa, kò dáa. Mo máa ń rọ àwọn ẹgbẹ́ pé kí ẹni tí kò sí níbi ìyàwòrán bá wọn jókòó níbí, torí ojú rẹ̀ ṣì mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti lè ka ìwé eré látòkè délẹ̀, tẹ́ ẹ sì lè ka nọ́ńbà take kan ó kéré tán fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìgbésẹ̀ yìí ti parí. Ibi tí ẹ ò bá ti rí nọ́ńbà kà, ibẹ̀ lẹ ní láti padà lọ yà, ó sì sàn kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lónìí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ so ohùn mọ́ àwòrán

Tẹ́ ẹ bá pàtẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà kí take tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì péré ni èyí. Ẹ wá fíréèmù tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti pàdé. Lórí ohùn tó wà lọ́tọ̀, ẹ wá ibi tí ìlà ohùn ti ga ṣóńṣó lójijì. Ẹ fi ọ̀kan sábẹ́ èkejì, kẹ́ ẹ dè wọ́n pọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá pàtẹ́wọ́, Resolve àti Premiere lè fi ìlà ohùn kámẹ́rà wá ibi tí wọ́n ti bára mu, tí kámẹ́rà náà bá sáà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀.

Ẹ pa ẹnu ohùn kámẹ́rà mọ́, àmọ́ ẹ má yọ ọ́ kúrò. Òun lẹ ó sá padà lọ bá tí máìkì òṣèré bá kú láàárín ọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó bára mu: ẹ má fi gbogbo ètè dá ara yín láàmú, ẹ wo àwọn ibi tí ètè ti ń pa dé. Ní èdè wa, ẹ wá b, m, gb àti p. Nínú "ẹ má kà á", ètè àbúrò gbọ́dọ̀ pa dé lórí m "má" gẹ́lẹ́. Ẹ wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ take, kẹ́ ẹ tún wò ó ní òpin. Tó bá bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀ tó wá yà ní òpin, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ to ìtàn náà ní wúruwùru

Ẹ gbé take tẹ́ ẹ yàn sórí timeline bí ìwé eré ṣe tò ó. Ẹ fi bọ́tìnì I sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀, O sí òpin. J á sáré sẹ́yìn, K á dá a dúró, L á sáré síwájú. Ẹ yára. Ẹ jẹ́ kí shot gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí orin, kò sí àwọ̀, kò sí àkọlé níbí. Níbi tí shot ò bá sí, ẹ fi ojú dúdú sí i kẹ́ ẹ kọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ sára rẹ̀.

Fíìmù oníṣẹ́jú márùn-ún lè di mẹ́sàn-án níbí, á sì sú yín láti wò. Kò burú. Ohun tẹ́ ẹ ń wá nìyí: ẹ pe ẹnì kan tí kò ka ìwé eré, ẹ jẹ́ kó wò ó lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá ní kó sọ ìtàn náà fún yín. Ẹ má bá a dá sí i. Tó bá ní, "Mi ò mọ ẹni tí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn jẹ́," ìtàn ló ní ìṣòro, kò sí àwọ̀ tó lè bò ó.

Ìgbésẹ̀ 6: Gígé gan-an

Ẹ da timeline náà kọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fún un lórúkọ tuntun: Gige_01, Gige_02, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó fẹ́ padà sẹ́yìn, ó dá mi lójú.

Ìran lẹ́tà tiwa ní shot mẹ́rin: yàrá lódindi, ojú ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ òun lẹ́tà, àbúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ṣe máa ń tò ó nìyí: ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó rìn dé ìdí tábìlì, ó wo lẹ́tà, ó nawọ́, ó mú un, ó ṣí i. Àáyá ogójì ti lọ, kò sì tíì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ gé ilẹ̀kùn dànù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti ń sún mọ́ tábìlì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ dúró. Àwa tí à ń wò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé.

Ẹ wá wo bó ṣe nawọ́. Nínú shot yàrá, apá rẹ̀ gbéra láti ẹ̀gbẹ́. Kó tó kan lẹ́tà, nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lófuurufú, ẹ gé. Shot ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ náà ti wà lójú ọ̀nà, á sì parí ìrìn rẹ̀ níbẹ̀. Ojú òǹwòran ti bá ọwọ́ lọ, kò ní í ráyè rí ojú ibi tẹ́ ẹ gé. Tẹ́ ẹ bá dúró kí ọwọ́ dé, kó sinmi, kẹ́ ẹ tó gé, ojú ibẹ̀ á hàn kedere. Lẹ́yìn náà ẹ sún un ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Tó bá jọ pé ọwọ́ nà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ fíréèmù méjì mẹ́ta kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ shot kejì. Tó bá jọ pé ọwọ́ fò, ẹ dá a padà. Nígbà mìíràn mo máa ń lo ìdajì wákàtí lórí irú ibi kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, mi ò sì í kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ló kàn. Bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń gé e ni pé àwòrán àbúrò á yọ, lẹ́yìn náà á sọ̀rọ̀. Ẹ dán èyí wò dípò rẹ̀. Ẹ já ohùn àbúrò kúrò lára àwòrán rẹ̀, ẹ má sún ohùn náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwòrán ẹ̀gbọ́n gùn wọ inú ọ̀rọ̀ náà bí ìdajì àáyá, kí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bọ́ sábẹ́ ojú ẹ̀gbọ́n. Ojú ẹ̀gbọ́n là ń wò nígbà tí "Ẹ̀gbọ́n mi" dún. A rí i tó ta gìrì, ó yí orí padà, ìgbà yẹn la wá rí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìgbà tó gbọ́ la gbọ́, ìgbà tó wò la wò. J-cut ni wọ́n ń pè é, torí bí gígé náà ṣe rí lórí timeline. Òdìkejì rẹ̀, tí ohùn á ṣì máa bá a lọ lẹ́yìn tí àwòrán ti yí, ni L-cut. Fíìmù tí ohùn àti àwòrán bá ti ń gé lójú kan náà ní gbogbo ìgbà máa ń dún bí ẹni tó ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà.

Ibi mẹ́ta mìíràn wà tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Ìlà àárín: ẹ ronú ìlà kan láti ara ẹ̀gbọ́n dé ara àbúrò. Ẹ̀gbẹ́ kan ìlà yẹn ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà. Tó bá fo ìlà náà, ẹni tó ń wo apá ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í wo apá òsì, á wá dà bíi pé àwọn méjèèjì ń wo ibì kan náà dípò kí wọ́n wo ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ti yà á bẹ́ẹ̀, ẹ fi shot mìíràn, bíi lẹ́tà náà, sáàárín wọn. Ẹ lè dojú àwòrán dé láti ọ̀tún sí òsì, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ kíkọ kankan wà nínú rẹ̀. Mo ti rí fíìmù tí kàlẹ́ńdà ara ògiri ń ka nọ́ńbà sẹ́yìn.

Shot méjì tó jọra jù: tẹ́ ẹ bá gé láti ojú ẹ̀gbọ́n sí ojú ẹ̀gbọ́n tó fi díẹ̀ tóbi sí i, á dà bíi pé fíìmù já. Kí ìwọ̀n tàbí igun kámẹ́rà yàtọ̀ gan-an, tàbí kẹ́ ẹ fi nǹkan mìíràn pààlà.

Slow motion: fídíò tẹ́ ẹ yà ní fíréèmù 50 lè lọ ní ìdajì eré lórí timeline 25 láìta kókó. Èyí tẹ́ ẹ yà ní 25 ò ní fíréèmù tó láti fà, á máa fò ni. Ẹ jẹ́ kó máa sáré bó ṣe wà.

Ní ti àwọn transition (ọ̀ṣọ́ tí shot kan fi ń yí sí òmíràn) tó ń yí bí ìràwọ̀, tó ń ṣí bí ìwé, tó ń tú bí èéfín: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún fídíò ọjọ́ ìbí. Gígé tààrà á ṣe gbogbo iṣẹ́ fíìmù yín, àyàfi ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé àkókò ti lọ.

Ẹ yẹ gígé yín wò lọ́nà méjì. Ẹ pa ohùn mọ́, kẹ́ ẹ wo àwòrán nìkan: ṣé ìtàn ṣì yé? Lẹ́yìn náà ẹ dijú, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ: ibo ni etí yín ti ta? Ẹ kọ ìṣẹ́jú ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sùn lé e lórí kẹ́ ẹ tó tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ti àwòrán pa

Gbogbo ẹgbẹ́ á jọ wò ó, á fọwọ́ sí i, ẹ ó da timeline náà kọ, ẹ ó sì fún un lórúkọ Titipa. Láti ìgbà náà, kò sí shot tó gbọ́dọ̀ gùn sí i tàbí kó kúrú, àní fíréèmù kan. Tí ẹnì kan bá sún shot kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti to orin, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa yẹ̀. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́rin kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ ti dé ibí.

Ìgbésẹ̀ 8: Ohùn

Òǹwòran máa ń fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ ni kò ní í fara dà. Ẹ wọ headphone.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ tò ó kí ibi tó ga jù nínú rẹ̀ wà láàárín -12 àti -6 dB. Kó má ṣe kan 0, torí ohùn tó bá fọ́ níbẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe. Ẹ fi high-pass filter (àsẹ́ tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò) sí nǹkan bí 80 Hz láti gé ìkùn fáànù àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́sẹ̀. Níbi gbogbo tẹ́ ẹ ti gé ohùn, ẹ fi fade (kí ohùn rọra wọlé tàbí rọra lọ) fíréèmù méjì mẹ́ta sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa dún "tọ́ọ́" ní gbogbo ojú gígé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́ àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Kò sí yàrá tó dákẹ́ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá gé ohùn kúrò láàárín gbólóhùn méjì, àlàfo náà á kú tòò, òǹwòran á rò pé spíkà òun já. Ohùn yàrá lásán lẹ máa fi dí i. Tẹ́ ẹ ò bá gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìyàwòrán, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ àwọn take: àáyá kan méjì máa ń wà kí olùdarí tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́. Ẹ gé e, ẹ tò ó lera wọn, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ odindi ìran.

Orin ló kẹ́yìn. Lábẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ fà á wálẹ̀ tó bíi -25 dB, tàbí kó tún lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ti jìyà èyí: mo to orin fíìmù kan lóru pẹ̀lú headphone tó dáa, gbogbo rẹ̀ ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí wọ́n fi hàn nínú gbọ̀ngàn ńlá, orin gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ fíìmù náà sórí, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mò ń gbọ́ wọn.

Ẹ má mú orin gbajúmọ̀ olórin kankan, kódà kó jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sórí YouTube, wọ́n lè dí ohùn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo orin tó ní àṣẹ Creative Commons, ẹ ka lẹ́tà tó wà lára àṣẹ náà. BY ní kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín. NC ní ẹ ò gbọdọ̀ fi pawó. ND ò bá yín lò rárá, torí lójú àṣẹ náà, dída orin pọ̀ mọ́ àwòrán tó ń rìn jẹ́ àtúnṣe sí i, ND sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pín àtúnṣe.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi spíkà fóònù gbọ́ odindi fíìmù, kí ẹni tí kò mọ ìwé eré jókòó tì yín, kó máa tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ. Ibi tó bá ti ní "kí ló wí?" ni kẹ́ ẹ padà sí.

Ìgbésẹ̀ 9: Àwọ̀

Iṣẹ́ kékeré ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mú kí ìmọ́lẹ̀ àti funfun dọ́gba láàárín àwọn shot inú ìran kan náà, kí ògiri yàrá má bàa pọ́n lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n kó sì búlúù lẹ́yìn àbúrò. Ẹ wo scope (àwòrán ìlà tó ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ hàn nínú ohun èlò ẹ́díìtì), ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Ojú máa ń mọ́ra. Bọ́tìnì "auto" lè fẹ́ tan awọ dúdú sókè ju bó ṣe yẹ lọ, títí ara òṣèré á fi di aláwọ̀ eérú. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é.

Ẹ wo shot mẹ́rin náà tẹ̀léra lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Bí kò bá sí èyí tó já yín láyà, ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ 10: Àkọlé àti orúkọ

Ẹ yan font tó ń gbé àmì wa. Ẹ kọ "Ọ̀ṣẹ́ẹ̀" sí i láti dán an wò: tí àmì bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó di àpótí òfìfo, ẹ yan òmíràn, Noto Sans kì í dójú tini. Kí àkọlé pẹ́ tó lójú láti kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá fi subtitle sí i, kó má ju ìlà méjì lọ, kí ìlà kan má ju bíi lẹ́tà 42 lọ.

Ẹ fi orúkọ gbogbo ènìyàn ránṣẹ́ sí àwọn fúnra wọn kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Òṣèré tẹ́ ẹ ṣi orúkọ rẹ̀ kọ ò ní í gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ 11: Export

MP4, H.264, ìwọ̀n àti frame rate kan náà pẹ̀lú project, 20 Mbps fún 1080p. Ohùn AAC, 48 kHz. Fíìmù oníṣẹ́jú márùn-ún máa jáde ní nǹkan bíi 750 MB. Tó bá jáde ní 80 MB, ẹ ti tẹ nǹkan kan ṣì. Orúkọ fáìlì kó ní ọjọ́ nínú. Ẹ má pè é ní "final". "Final_gangan_2" ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ìfisílẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe èyí, torí export máa ń já lágbedeméjì, iná sì máa ń lọ.

Ẹ gbé fáìlì náà sórí ẹ̀rọ tí kò sí ohun èlò ẹ́díìtì yín lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó dópin láìfò ó. Fíréèmù dúdú kan tó yọjú láàárín shot méjì, ibi tó pọ́n yòò pẹ̀lú "offline", orin tó já kí orúkọ tó tán: ibí ni wọ́n ti ń hàn. Tẹ́ ẹ bá ń fi íntánẹ́ẹ̀tì fi í sílẹ̀, ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ tún fi fóònù ẹlòmíràn wà á wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Hard drive méjèèjì á wà bẹ́ẹ̀ títí máàkì á fi jáde, torí olùkọ́ lè ní kẹ́ ẹ lọ gé àáyá mẹ́wàá kúrò.